Àfikún Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe Fún Ètò Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìkan, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kí a máa fi èdè wa ṣe iṣẹ́, kì í ṣe kí a kàn máa fi í kí ara wa níbi ìnáwó.

Gbogbo wa ni a mọ Microsoft Word tí a fi ń kọ lẹ́tà, àti Excel tí a fi ń ṣírò owó. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé àwọn tí ó ṣe ètò wọ̀nyí fi ààyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti fi iṣẹ́ tirẹ̀ kún wọn. Àfikún ni àwa ó máa pè é. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kọ́ yàrá kan mọ́ ilé tí ó bá nílẹ̀: ilé náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀ ti rí ibi tí ó lè kó ẹrù tirẹ̀ sí. Láti ọdún 1993 ni Excel ti ní èdè ìpàṣẹ kan tí a ń pè ní VBA. Ní ọdún 1997 ni ó dé inú Word pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ èdè yìí kọ lè pàṣẹ fún ètò náà kí ó ṣe ohun tí àwọn tí ó ni ín kò fi sí i.

Rìsíìtì owó ẹgbẹ́ ni ó sún wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Akápò wa a máa kọ iye owó ní òǹkà, a sì máa kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òdo kan kún un lẹ́yìn. Òǹkà ni Excel ń bá a kọ. Ọ̀rọ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará Thailand kò ní ìyọnu yìí, nítorí ìṣirò kan wà nínú Excel tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BAHTTEXT, tí ń kọ iye owó wọn ní ọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Kò sí irú rẹ̀ fún Yorùbá. Kí a má purọ́, kò sí irú rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì náà. Àfikún ni àwọn tí ń lo Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń ṣe. Nítorí náà a sọ fún ara wa pé àwa náà yóò ṣe tiwa.

Iṣẹ́ náà rọrùn fún Gẹ̀ẹ́sì, nítorí bí wọ́n ti kọ òǹkà láti òsì sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ń pè é. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ 44, mẹ́rìnlélógójì ni, a fi mẹ́rin lé ogójì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹyọ kan péré kún un, ọ̀nà yà: 45 di márùndínláàádọ́ta, èyí ni pé a yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì ni ọgọ́ta tí a ti yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ń kọ àfikún ní láti kọ́ kọ̀ǹpútà pé kí ó wo iwájú kí ó tó la ẹnu. Bí ẹyọ tí ó gbẹ̀yìn bá jẹ́ 1 títí dé 4, kí ó fi lé ìdì mẹ́wàá tí ó ti kọjá. Bí ó bá jẹ́ 5 títí dé 9, kí ó wo iye tí ó kù kí ìdì mẹ́wàá tí ń bọ̀ tó pé, kí ó sì yọ ìyẹn. A rò pé a ti parí, àfi ìgbà tí a dé orí 30, tí ó ní orúkọ tirẹ̀, ọgbọ̀n, tí kò bá 50 àti 70 tọ ọ̀nà kan náà. Igba, ọ̀ọ́dúnrún àti irínwó tún dá dúró. Láti ibẹ̀ lọ, 500 jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọgọ́rùn-ún dín ní ẹgbẹ̀ta. 3,000 sì jẹ́ ẹgbẹ̀ẹ́dógún, igba lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwa tí a ti ń ka owó láti kékeré kò mọ̀ pé ìṣirò tó báyìí ń bẹ lẹ́nu wa, àfi ìgbà tí a ní láti là á yé ohun tí kò ní làákàyè.

Lórí 1,500 ni a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a kọ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nítorí òun ni ọmọ ilé ìwé yóò gbọ́. Àwọn àgbà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni a fi sí i. Àwa gbà pé ọmọ tí ó bá rí i lórí rìsíìtì bàbá rẹ̀ yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Létà wa náà fún wa ní iṣẹ́. Ojú ibi tí a ti ń kọ VBA kò gba ẹ, ọ àti ṣ. Àmì ìbéèrè ni ó ń fi rọ́pò wọn. Nọ́ńbà ni a fi ń pè wọ́n níbẹ̀: 7865 ni ẹ, 7885 ni ọ, 7779 ni ṣ. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹnìkan lè tẹ ẹ kí ó sì fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó sì fi àmì sí i ní abẹ́. Ojú kò mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àfikún tí ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà mọ̀ ọ́n. A wá Fẹ́mi nínú ìwé orúkọ, àfikún wa ní kò sí Fẹ́mi, bẹ́ẹ̀ ni Fẹ́mi jókòó tì wá. Ní ọdún 1875 ni àwọn àgbà jókòó ní Èkó láti fi ohùn ṣọ̀kan lórí àkọtọ́ Yorùbá. Nínú kọ̀ǹpútà, ìjókòó náà kò tíì parí. A ti fi ìpàṣẹ kan kún un nísinsìnyí, tí ń sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan kí ó tó wá orúkọ.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe wa. Àfikún yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ṣe ọ̀kan fún wa tẹ́lẹ̀ fún ìwé orúkọ, ó fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti àkọsílẹ̀ ìpàṣẹ rẹ̀ pa, ó sì rin ìrìn àjò. Nígbà tí a ra kọ̀ǹpútà tuntun, àfikún náà kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè wo inú rẹ̀. A kò dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́bi. Àwa ni a gba ilé láìgba kọ́kọ́rọ́.

Àwọn kan bi wá léèrè bóyá kò sí ewu. Ewu wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní Melissa gun inú ìwé Word, ó sì ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àádọ́ta ènìyàn láti inú ìwé àdírẹ́sì ẹni tí ó bá ṣí i. VBA kan náà tí àwa ń yìn ni a fi kọ ọ́. Nítorí irú èyí ni Microsoft fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022 sí í dí ìpàṣẹ bẹ́ẹ̀ tí ó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Nítorí náà ẹ má ṣe gba àfikún lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, àní bí ó tilẹ̀ ní ẹgbẹ́ wa ni ó rán òun.

Irú àfikún mìíràn wà láti ọdún 2013, tí a ń fi JavaScript kọ, tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú Word orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí VBA kò lè dé. Ó dára, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a gbọ́dọ̀ gbé e sí, a ó sì máa sanwó ibẹ̀. Ní ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ tí ó ń bọ̀, àwa fara mọ́ èyí àtijọ́ ná.

A ti tẹ àkọsílẹ̀ ìpàṣẹ àfikún tuntun náà sórí ìwé, pẹ̀lú àlàyé ní Yorùbá, ó wà nínú àpótí ẹgbẹ́, kò sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí kankan. Ṣùgbọ́n ó dúró lórí 20,000, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan, bí náírà sì ti rí lónìí, ọ̀kẹ́ kan kò mú ènìyàn dé ibi tí ó jìnnà. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ mọ bí àwọn bàbá wa ti ń ka owó kọjá ọ̀kẹ́ láìfi Gẹ̀ẹ́sì lù ú, a bẹ̀ yín, ẹ wá jókòó tì wá ní ọ́fíìsì akọ̀wé ní Sátidé tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Kọ̀ǹpútà yóò wà ní títàn.