Obìnrin Àkọ́kọ́ Lórí Àga Ìdájọ́

Ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni mo fẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Òpópó Kakawa, tí kò jìnnà sí Marina, kò ṣàjèjì sí yín. Ibẹ̀ ni Stella Thomas ṣí ilé iṣẹ́ lọ́yà rẹ̀ sí ní 1935.

Èkó ni a bí i sí ní 1906. Baba rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Peter J. C. Thomas, jẹ́ Sàró, gbajúmọ̀ oníṣòwò. Ilé ẹ̀kọ́ Annie Walsh ní Freetown ni ọmọ náà ti kàwé. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ kò lè gbójú fo èyí: CMS dá ilé ẹ̀kọ́ gíramà sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin Èkó ní 1859, ọdún 10 gbáko ni àwọn ọmọbìnrin sì fi dúró kí tiwọn tó dé. Kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, ṣebí ilé ọkọ ni ó ń lọ? Ẹnu àwa baba ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde.

Ní 1933 ó di lọ́yà ní Middle Temple, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí obìnrin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí ó ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ní ọdún kejì ni ó wọ̀ mí lára jù. Níbi àpérò kan ní Royal Society of Arts, tí wọ́n ti ń jíròrò lórí bí òyìnbó ṣe ń gba ọwọ́ ọba àti ìjòyè ṣàkóso wa, ó dìde, ó sì bẹnu àtẹ́ lu ìlànà Lord Lugard ní gbangba. Ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀rọ̀ náà lè má dùn létí gbogbo yín. Ẹ rò ó wò ná: ìlànà tí kò ka ọ̀mọ̀wé Èkó sí, tí kò sì rántí Ìyálóde tí àwọn baba wa máa ń bá gbìmọ̀, ṣé ti ìbílẹ̀ wa ni a ó pè é?

Ní 1943 a fi í ṣe majísíréètì, obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ohun ìyanu nìyí: lákòókò yẹn, ọkùnrin tí £100 ń wọlé fún lọ́dún ni ó lè dìbò ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó. Obìnrin yìí lè rán irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n òun kò lè dìbò! Àfi ní 1950, nígbà tí a dìbò ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, ni obìnrin tó bá wọn dì í.

Ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Marke ní 1944, kò sì torí ìyẹn pa iṣẹ́ tì.

Majísíréètì kì í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Ọdún 26 kọjá kí Modupe Omo-Eboh tó gun àga yẹn ní Midwest ní 1969, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó ṣojú Stella, ẹni tí ó kú ní 1974. Èkó tiwa ńkọ́? Títí di 1995, nígbà tí ó kan Rosaline Omotoso, obìnrin kankan kò jẹ Adájọ́ Àgbà níbí.