Àkókò Eré Àwọn Ọmọ Wa ní Ilé-Ìwé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa, ní orúkọ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀)

Nígbà tí akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí àwa olùkọ́ pé kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ìwé kíkà tàbí ìṣirò ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ fún wa. Eré ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: eré tí àwọn ọmọ máa ń ṣe nígbà tí agogo ìsinmi bá lù ní ilé-ìwé.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ létí àgbà. Ìdí méjì ni a fi gbé e wá síwájú yín lónìí. Èkínní ni pé àkókò eré yìí ń kúrú sí i lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwa olùkọ́ fúnra wa. Èkejì ni pé pápá tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀ ń kéré sí i lọ́wọ́ àwa ará ìlú, àbá sì wà níwájú Ẹgbẹ́ yìí pé kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù 24 sí ìhà rẹ̀ tí ó kọjú sí títì, kí Ẹgbẹ́ lè máa rí owó gbà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn ọmọdé kò ní ohùn nínú ìpàdé yìí. Ìdí nìyí tí a kò fi lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọjọ́ kan ti ń rí fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni a ti jí i. Ó pọn omi, ó gbálẹ̀, ó wẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ilé-ìwé. Ní aago mẹ́jọ ó ti wà lórí ìlà. Láti ìgbà náà títí di aago mẹ́wàá ààbọ̀, orí bẹ́ǹṣì ni ó wà, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ìjókòó kan, lábẹ́ páànù tí oòrùn ti ń mú gbóná. Ìsinmi ìṣẹ́jú 30 ni ó wà nínú ètò iṣẹ́ ojúmọ́ wa. Ní ọ̀sẹ̀ kan nínú sáà tí ó kọjá, a fi aago ọwọ́ wa wo bí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ti ń lo ìṣẹ́jú 30 náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ kí olùkọ́ tó parí ohun tí ó ń kọ sójú pátákó. Bí ìṣẹ́jú méjìlá lọ lórí ìdúró níwájú ìyá alákàrà àti ìyá onírẹsì. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ń lọ ra oúnjẹ fún olùkọ́, àwọn méjì ń pọn omi. Nígbà tí agogo fi tún lù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì ṣeré ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan pápá rárá.

A kò sọ èyí láti dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an jẹ̀bi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí a ń kọ́ kíláàsì kẹfà, a fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa yege nínú ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. A fagi lé ìsinmi, a sì fi ìṣirò dí àkókò rẹ̀. Àwọn òbí yìn wá pé olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni wá. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí a fi rí ohun tí a kò rò. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ojú àwọn ọmọ wà lára pátákó, ọkàn wọn kò sí níbẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ń ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ wá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ń jà nítorí pẹ́ńsù, wọ́n ń jà nítorí rúlà. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Òun ni a máa ń jẹ níyà jù, ìyà tí a sì máa ń fi jẹ ẹ́ láti kíláàsì kẹrin ni pé kí ó dúró sínú ilé nígbà tí àwọn yòókù bá jáde. Ní ọjọ́ kan, ó dìde, ó sì bi wá láìsí àfojúdi kankan pé: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ìgbà wo ni ẹ ó dá eré wa padà fún wa?”

A kò rí èsì fún un. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, a dá ìsinmi padà. A kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo wọn ni ó yege nígbà tí ìdánwò dé. Ohun tí a rí ni pé wákàtí tí ó tẹ̀ lé eré di wákàtí tí ó dára jù nínú ọjọ́ wa, ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ara tí ó ti sáré tán ni ó ń fẹ́ sinmi. Nígbà tí a dì í mọ́lẹ̀ sínú ilé, ṣe ni a ń fi oògùn rẹ̀ dù ú.

Kí ni ọmọ ń kọ́ nínú eré? Àwọn baba wa tí kò rí ilé-ìwé mọ èyí dáadáa. Ọpọ́n ayò ní ojú 12, mẹ́fà níwájú olúkúlùkù, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. 48 ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó ń ta ayò ń kà, ó ń yọ, ó sì ń ro ibi tí ọmọ ayò ìkẹyìn yóò bọ́ sí kí ó tó nawọ́, láìjẹ́ pé ẹnì kan mú ẹgba dúró tì í. Ọmọ tí ó ń ṣe bojúbojú ń kọ́ sùúrù. Ẹni tí ó ń fò nínú sùwẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ kan dúró kí a má tẹ ìlà. Bí ó bá sì tẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jáde, nítorí gbogbo ojú ni ó rí i. Nínú eré ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọmọ a di ara wọn lọ́wọ́ mú yí ewúrẹ́ ká kí ẹkùn má bàa rí i gbé. Bí ẹnì kan bá tú ọwọ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ gbogbo wọn ni ó lọ. Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́, ǹjẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń bẹ ara wa sí nínú ìpàdé yìí lọ́dọọdún nìyẹn?

Ẹ ṣàkíyèsí pé eré ìdárayá tí olùkọ́ ń fi fèrè darí kọ́ ni a ń sọ. Ìyẹn dára, ó sì ní àyè tirẹ̀. Eré tí a ń sọ ni èyí tí àwọn ọmọ yàn fúnra wọn, tí wọ́n ṣòfin rẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì parí ìjà inú rẹ̀ fúnra wọn. Ọmọ tí ó ń rẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ nínú eré, wọn kò ní bá a ṣe é mọ́ títí yóò fi túúbá. Kò sí ìwé tí a lè fi kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí kí ó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní náà ti sọ ohun kan náà. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní American Academy of Pediatrics, kéde pé kò tọ́ kí a gba àkókò eré lọ́wọ́ ọmọ, ìbáà ṣe nítorí ìyà tàbí nítorí ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ ọdún 5 sí 17 yẹ kí ó máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, bí a bá pín in káàkiri ọ̀sẹ̀. Ní ilẹ̀ Finland, àṣà ilé-ìwé wọn ni pé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 45, àwọn ọmọ a máa sinmi fún bí ìṣẹ́jú 15; kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn ọmọ Finland kò mọ̀wé.

Ọ̀ràn náà ti di òfin pẹ̀lú. Ní ọdún 1959, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ó yẹ kí ọmọdé ní àǹfààní láti ṣeré. Ní ọdún 1989, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé, nínú abala kọkànlélọ́gbọ̀n rẹ̀, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọdún 1991. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ilẹ̀ wa, ti ọdún 2003, sọ nínú abala kejìlá pé gbogbo ọmọ ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Nítorí náà, bí a bá fún ọmọ láyè láti ṣeré, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí pápá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà lé ní 800,000. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn ará ìlú ni ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ṣán igbó, tí wọ́n sì mọ ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níhìn-ín. Àwọn baba tí wọ́n lè gbin kòkó sí ilẹ̀ yẹn fi í sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dá àyè gbalasa sí níwájú ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síhìn-ín ni ó ti ta gẹ̀gẹ̀ lu eékún lórí pápá yẹn.

Eré ni, eré ni, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ẹnì kan kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun gbé ìsọ̀ kékeré kan sí etí ọgbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mẹ́káníìkì kan dé; lẹ́yìn mẹ́káníìkì, àwọn tí ń tò búlọ́ọ̀kù. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù 24 ni a ń sọ. A kò kórìíra owó. A mọ̀ pé Ẹgbẹ́ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ẹgbẹ́ wà lẹ́bàá ọjà àtijọ́, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń kọjá lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti ẹ̀bá títì, a ó ṣì ní pápá. Ṣọ́ọ̀bù tí a bá kọ́ sórí pápá, kò sí ẹni tí yóò wó o lọ́la nítorí ọmọdé.

Àwọn ìyá kan ti sọ fún wa pé ọmọ ń fara pa nínú eré. Òótọ́ ni. A ó máa yan olùkọ́ méjì tí yóò wà lórí pápá lójoojúmọ́, kí wọ́n máa wò láìdarí eré, kí àgbà wà nítòsí bí ewu bá dé. Ìgò fífọ́ àti irin àwọn mẹ́káníìkì ni ó sì ń ṣe àwọn ọmọ léṣe jù.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí Ẹgbẹ́ pe àwọn awọnlẹ̀ láti ri òpó sí ààlà pápá, kí a sì mọ ọgbà yí i ká. Lẹ́ẹ̀kejì, kí a gbin igi fún ibòji, kí a sì fa ẹ̀rọ omi síbẹ̀, kí ọmọ má bàa lo àkókò eré rẹ̀ láti pọn omi. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń san owó ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ọmọ kí òkùnkùn tó ṣú. Ní ti àwa olùkọ́, a ti pinnu láàárín ara wa pé a kò ní í rán ọmọ níṣẹ́ mọ́ ní àkókò ìsinmi, a kò ní í fi eré jẹ ọmọ níyà mọ́, a ó sì ya àkókò oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò eré. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wa tí ó yẹ àdéhùn yìí, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé ọdún tí ń bọ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rù bà wá nísinsìnyí, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kò tíì ta ohunkóhun, àwa àgbà ni a fẹ́ gbé ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún un tà. Ọmọkùnrin tí ó bi wá léèrè lọ́jọ́sí ti dàgbà, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ wà ní ilé-ìwé náà lónìí, wọ́n sì ń dúró de èsì tí a kò rí fún un. Ní alẹ́ yìí, nígbà tí ẹ bá dìbò lórí ọ̀ràn ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó dá wọn lóhùn.

Kí ìlú wa máa gbòòrò sí i, kí àwọn ọmọ wa má sì pàdánù ibi tí wọn yóò ti ṣeré. Àṣẹ.