Ta Ni Ó Ṣe É? Ọ̀rọ̀ lórí Gírámà Òyìnbó àti Ìwé tí Wọ́n Ń Kọ sí Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Dọ́pẹmu

 

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já pé gírámà ni a fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a lọ, a sì fi ilé ìwé alẹ́ lé e. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti kọ́ wa ní active voice àti passive voice. A há a sórí nítorí ìdánwò. A kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò kan oúnjẹ ẹnu wa.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ gé ìka ọ̀kan nínú wa lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé kí ó fọwọ́ sí i. Ìwé náà kà báyìí: "The guard was removed and the worker's finger was cut." Ó kà á, kò rí irọ́ níbẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n yọ irin tí ó ń bo ẹnu ẹ̀rọ, lóòótọ́ sì ni ẹ̀rọ gé e níka. Ó fọwọ́ sí i. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ irin náà. Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgba owó. Bẹ́ẹ̀, fóòmánì ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́, kí iṣẹ́ lè yá.

Irọ́ kò sí nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ènìyàn kan sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ó gbà sá pamọ́.

Active voice a máa fi ẹni tí ó ṣe nǹkan ṣáájú: "The foreman removed the guard." Ta ni ó ṣe é? Fóòmánì. Kí ni ó yọ? Irin ẹnu ẹ̀rọ. Bí a bá fẹ́ yí i sí passive voice, irin yóò bọ́ síwájú. A ó mú is, are, was, were tàbí ẹbí wọn kan, a ó sì fi ìpín kẹta ọ̀rọ̀ ìṣe tẹ̀ lé e, irú èyí tí a ń kà lórin nílé ìwé pé break, broke, broken. Fóòmánì yóò wá lọ sí ìdí gbólóhùn, lẹ́yìn by: "The guard was removed by the foreman." Títí dé ibẹ̀, a kò tíì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n gírámà Òyìnbó gbà kí a gé by àti ẹni tí ó tẹ̀ lé e sọnù, kí gbólóhùn náà sì dúró ṣinṣin: "The guard was removed." Ibẹ̀ ni fóòmánì gbà jáde.

Èdè tiwa kì í ṣe é báyẹn. Bí Yorùbá kò bá fẹ́ dárúkọ, yóò ní "Wọ́n yọ ọ́." Ènìyàn ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé Òyìnbó fún yín, ẹ tú u sí Yorùbá lọ́kàn yín. Bí ẹ bá ti gbọ́ "wọ́n", ẹ béèrè pé: àwọn wo ni "wọ́n"?

Kí a rí by nìkan kò sì tó. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ṣójà ya wọ ilé Fẹlá tí ó ń pè ní Kalakuta, nílùú Èkó níbí. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé, ilé sì jóná. Ìyá náà kú ní 1978. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó dáná sun ilé, wọ́n ní ṣójà tí a kò mọ̀ ni. Ẹ wò ó: by wà níbẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ lé e kò lórúkọ. Ẹni tí kò lórúkọ, ta ni yóò mú un?

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí ọkọ̀ bá lọ kọlu nǹkan, tí wọ́n kọ ọ́ pé "The bus was driven with bad brakes", ẹ̀yin ni ẹ wà lórí ìjókòó, ẹ̀yin ni wọn yóò mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ pé "I reported the brakes on Monday. The workshop did not repair them", gbogbo ènìyàn ti rí ọ̀nà.

A kò sọ pé passive voice burú. Bí olè bá wọ ilé ìkẹ́rùsí lóru tí a kò mọ̀ ọ́n, kò sí bí a ṣe lè dárúkọ rẹ̀. Kí a sì bá ara wa sọ òtítọ́: bí akápò ẹgbẹ́ tiwa bá dìde tí ó ní "The money was spent", ẹ bi òun náà pé ta ni ó ná an, lórí kí ni.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú un wá fún aṣojú yín. Ẹ kọ ìwé tiyín pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì tètè kọ ọ́. Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí ẹni tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Kò pọn dandan kí Òyìnbó yín dùn. Kí ó ṣáà ti sọ ẹni tí ó ṣe é.

Arákùnrin wa yẹn, a pe ẹjọ́ rẹ̀ padà. A tún ìwé náà kọ pé: "The foreman ordered the fitter to remove the guard." Fítà náà dìde, ó jẹ́rìí sí i. Ìka kò padà o, ṣùgbọ́n owó ọ̀sẹ̀ méjì padà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.