KÒKÒRÒ INÚ IYẸ̀PẸ̀ Ọ̀RÁ: Ẹ DÁ A MỌ̀ KÍ Ẹ TÓ RA OÒGÙN

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Ìjàyè)

Kòkòrò ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ ni ó gbé wa dé ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí a lọ yẹ ìwé wọn wò ti ná lára owó tí wọ́n yá fún ọmọ kòkó inú ọ̀rá sórí oògùn apakòkòrò. A bi wọ́n pé kòkòrò wo ni wọ́n rí. Wọ́n ní ó funfun, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó sì ń ta bí tata nígbà tí wọ́n bá bomi rin ín.

Kòkòrò yẹn kì í ba kòkó jẹ́. Ewé tí ó ti rà àti ohun tí ó ti bu ni oúnjẹ rẹ̀. Ìrù rẹ̀ pẹ̀ka méjì, ó ká a sábẹ́ ikùn. Bí ó bá tú u sílẹ̀, ara rẹ̀ a fò sókè. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ sínú abọ́, kí ẹ da omi lé e: yóò léfòó, yóò sì máa ta lórí omi. Owó tí a fi pa á ti ṣòfò.

Èyí tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni ìdin kòkòrò dúdú kan tí ó jọ kantíkantí, tí ó ń fò káàkiri orí ọ̀rá. Ìdin náà funfun, orí rẹ̀ dúdú, a sì máa jẹ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bí omi bá pọ̀ jù. Ẹ fi ègé pòtétò tútù lé iyẹ̀pẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ẹ ṣí i wò, bí ìdin bá wà, yóò ti gòkè wá. Ẹ jẹ́ kí ojú iyẹ̀pẹ̀ máa gbẹ kí ẹ tó tún bomi rin. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dá gbèsè sí wa lọ́rùn, ojú lásán kò rí i. Aràn tín-ín-tín ni, a máa wọ gbòǹgbò tòmátì, ilá, ewédú àti ọmọ kòkó. Ilẹ̀ tutù, síbẹ̀ ewé rọ lọ́sàn-án. Ẹ ya ọ̀rá kan, ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ ó rí kókó lára rẹ̀. Kì í ṣe irú kókó ìdí ẹ̀wà o! Ti ẹ̀wà ṣeé fi èékánná yọ, ó sì ń ṣe ilẹ̀ lóore. Ti aràn, gbòǹgbò gan-an ni ó wú. Ẹ sun irú irúgbìn bẹ́ẹ̀, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí ewédú àtijọ́ sí ọ̀rá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ rin iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bò ó nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń wò ó fínnífínní. Nígbà tí kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun ń pa ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà kàn jọ ọ́ ni, agbọ́n ibẹ̀ kò wúlò. Ní 1981 ni wọ́n rí òun gan-an ní Paraguay. IITA tiwa níhìn-ín, ní Ìbàdàn, ni ó tú agbọ́n tí ó ń pa á sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣì ní Gamalin 20 ní àká, kó má dà á sí ọ̀rá o. Láti 2009 ni àdéhùn Stockholm ti ka oògùn inú rẹ̀ mọ́ àwọn tí ayé ń pa tì.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rá méjì wá, pẹ̀lú ọbẹ àti abọ́ omi. Èyí tí a kò bá lè dá mọ̀, a ó gbé e lọ sí CRIN ní Ìdí-Ayunrẹ́.