Ọmọ tí kò lè jókòó ti ìwé, tí ó sì ń jókòó ti géèmù
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni a fi lé wa lọ́wọ́.

Ẹ̀sùn kan ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí nílé àti lókè òkun: "Ọmọ yìí kò lè fi ìdajì wákàtí jókòó ti ìwé, ṣùgbọ́n bí ó bá di ti géèmù, á jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́. Ọ̀lẹ ni. Bí ó bá wù ú, ó lè fọkàn sí nǹkan." A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ.

Àwọn ọmọ kan wà tí ó ṣòro fún láti fi ọkàn sí nǹkan láti kékeré wọn wá. ADHD ni àwọn oníṣègùn ń pe ìṣòro náà. Ohun tí èrè rẹ̀ bá jìnnà kì í lè dá ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró. Ìwé tí ó ń kà lónìí, ó di ìparí sáà kí ó tó rí máàkì rẹ̀. Géèmù ńkọ́? Bí ó ti ń fọwọ́ tẹ ẹ̀rọ ni ìró ń dún, tí ọ̀tá ń ṣubú. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sì kú, á tún jí kí a tó ṣẹ́jú. Àwọn tí ó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ayò tí àwọn baba wa ń ta lábẹ́ igi a máa parí, a ó sì gbé ọpọ́n wọlé bí ilẹ̀ bá ṣú. Ilẹ̀ kì í ṣú bá géèmù orí fóònù. Nítorí náà, pé ọmọ jókòó tì í kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà ni ó di ọkàn rẹ̀ mú.

Síbẹ̀, ẹ má ti ibí délé kí ẹ máa fi orúkọ àìsàn pe ọmọ tí ó kàn ń ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2019 pé àṣejù géèmù lè di àìsàn, ìlànà náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ọmọ má lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, kí géèmù gba ipò ohun gbogbo, kí ó sì máa bá a lọ bí ó tilẹ̀ ń pa á lára, fún nǹkan bí ọdún kan. Ní ti ADHD, àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, nílé àti nílé ìwé pẹ̀lú.

Baba tí ó fọ́ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ ti lé ọmọ lọ sí ilé géèmù tí ó wà ní ìkángun àdúgbò nìyẹn. Kí á bá ọmọ fi àkókò sí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ó ti wọ̀ ọ́ lára. Kí fóònù máa sùn ní yàrá òbí. Kí á gé iṣẹ́ ilé ìwé sí kéékèèké, kí ó máa sinmi láàárín. Baba tí ó bá sì ń lu ọmọ nítorí àìfọkànsí, kí ó kọ́kọ́ bi ìyá tirẹ̀ léèrè bí òun náà ti rí ní kékeré, nítorí ìṣòro yìí a máa rìn nínú ìdílé.

Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, àwọn kan nínú yín ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé kí ìyá àgbà lè tún un kọ́. Ọmọ náà á gbé ìṣòro rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, á sì tún bá fóònù níhìn-ín. Bí ilé ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún bá ní kí á yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má ṣe fi ìtìjú kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àrò ní Abẹ́òkúta náà wà, níbi tí Olóògbé Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní 1954. A mọ̀ pé orúkọ Àrò ń bà yín lẹ́rù. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó mú àwọn ìwé èsì ọmọ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dání, nítorí oníṣègùn yóò fẹ́ mọ ohun tí àwọn olùkọ́ ti kọ nípa rẹ̀ nígbà náà.