Nígbà Tí Asítóònù Bá Pàdé Kilorofọ́ọ̀mù

Asítóònù, èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, máa ń hó ní ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kilorofọ́ọ̀mù, tí àwọn dókítà àtijọ́ fi ń mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, ń hó ní 61. Bí a bá wá pò wọ́n pọ̀ ńkọ́? Ẹ lè ní pé àárín méjèèjì ni. Ó tì o! Ìgò á kọ́kọ́ gbóná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Bí kilorofọ́ọ̀mù bá sì pọ̀ ju ìkejì lọ dé ìwọ̀n kan, ó di nǹkan bí 64 kí àdàlù náà tó hó. Háídrójìn inú kilorofọ́ọ̀mù ló so mọ́ ọ́síjìn inú asítóònù. Ìsomọ́ra yẹn tú ooru jáde, kò sì jẹ́ kí wọ́n tètè di oru.

Ẹ fi carbon disulfide, tí í hó ní 46, pààrọ̀ kilorofọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ á yí padà: ìgò á tutù, àdàlù á sì lè hó ní nǹkan bí 39.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò nílé, májèlé ni. Àwọn oníṣẹ́ kẹ́míkà pàápàá mọ ìyà rẹ̀: níbi 64 ti asítóònù àti kilorofọ́ọ̀mù yẹn, bákan náà ni ìwọ̀n àwọn méjèèjì rí nínú oru àti nínú àdàlù inú ìgò, síse lásán kò lè yà wọ́n mọ́.