Bí Ènìyàn Ṣe Ń Di Panápaná Tí Ó Gba Ìwé Ẹ̀rí

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òtítọ́ ni fún ọba, nítorí pé ìlú ni yóò bá a kọ́ òmíràn. Bí ó bá wá jẹ́ ilé olùkọ́ ni ó jó ní Ìlá-Ọ̀ràngún ńkọ́, tàbí ìsọ̀ opó tí gbogbo ọjà rẹ̀ wà nínú rẹ̀? Ní agbègbè Ọ̀ṣun Ìgbómìnà, láti Ìlá títí dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ìgbà tí ọyẹ́ bá dé tí koríko sì gbẹ ni ìbéèrè yìí máa ń le jù.

Láyé àtijọ́, gbogbo agbo ilé ni ó ń pa iná. Bí iná bá sọ lórí òrùlé koríko, àwọn obìnrin a máa ru omi wá, àwọn ọkùnrin a sì gun òrùlé tí iná kò ì tí ì dé, wọn a máa já a lulẹ̀ kí iná má baà rí ohun tí yóò bá kọjá. Ọgbọ́n gidi ni. Àgbẹ̀ tí ó ro etí oko rẹ̀ yí ká kí iná ẹ̀ẹ̀rùn má baà wọ inú kòkó ti gba oúnjẹ lẹ́nu iná kí iná tó dé.

Ọ̀rọ̀ náà, panápaná, yẹ ní yíyẹ̀ wò. Àpètúnpè ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá gbẹ́nàgbẹ́nà, jagunjagun àti wọléwọlé. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi ṣe iṣẹ́ ṣe ni a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bu omi pa iná ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í ṣe panápaná. Àbùkù kan ṣoṣo ni orúkọ náà ní: kò mẹ́nu kan dídènà iná, bẹ́ẹ̀ apá pàtàkì nínú iṣẹ́ náà ni.

Ọdún 1901 ni a dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá ní Èkó. Òfin iṣẹ́ náà sì jáde ní 1963. Iná tí ó jó ilé gogoro NET ní Èkó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, àti èyí tí ó jó Ilé Kòkó ní Ìbàdàn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, fi hàn gbangba pé garawa àti ìgboyà kò tó mọ́.

Ọ̀dọ́ tí ó bá ti Ìlá jáde lè wọ iléeṣẹ́ panápaná ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí olú rẹ̀ wà ní Òṣogbo, tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Ní ti ìjọba àpapọ̀, ẹni tí ó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀wọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́. Ẹni tí ó ní NCE, irú èyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìlá ń fúnni, a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀wọ́ àwọn ìsípẹ́kítọ̀. Ẹni tí ó ní dìgírì, ní ọ̀wọ́ àwọn súpẹrìntẹ́ńdẹ́ǹtì. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ń gbà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ panápaná bí èyí tí ó wà ní Sheda lẹ́bàá Àbújá. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú tún lè ṣe ìdánwò ẹgbẹ́ onímọ̀ iná tí a dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1918.

Kí ni wọ́n ń kọ́? Wọ́n ń kọ́ pé ohun mẹ́ta ní iná fi ń wà láàyè: ooru, ohun tí yóò jó, àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Bí a bá yọ ọ̀kan, iná kú. Omi a máa mú ooru kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá da omi sí epo tí ń jó ti dá ogun sílẹ̀: omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò wú tó ìlọ́po 1,700, yóò sì tú epo ká tòun ti iná. Iná tí ó ti ara wáyà wá, a kò gbọdọ̀ bu omi sí i nígbà tí iná mànàmáná ṣì wà nínú wáyà náà.

Èyí tí ó ṣòro jù ni wíwọ inú èéfín. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kú sínú ilé tí ń jó, èéfín ni ó pa wọ́n kí iná tó kàn wọ́n, nítorí pé gáàsì olóró kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, yóò fi ìbòjú bojú, yóò sì wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn biribiri. Méjì méjì ni wọ́n ń wọlé. Wọn a rákò, nítorí pé ooru kò pọ̀ nísàlẹ̀. Wọn a fi ọwọ́ tọ ògiri kí wọ́n lè mọ ọ̀nà padà. Wọn a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i. Kí olúkúlùkù tó wọlé, yóò fi àmì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ń kọ iye afẹ́fẹ́ inú àgbá rẹ̀ àti àkókò tí ó wọlé, tí ó sì ń ṣírò ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ jáde. Nígbà tí fèrè ara àgbá bá fi máa fọn, ó yẹ kí ó ti wà níta. Alágídí tí ó ní òun kò ì tí ì ṣe tán kò yẹ ní fífún ní ìwé ẹ̀rí, nítorí pé níbi iná gidi, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò padà wọlé lọ wá a.

Gbogbo ìmọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ń ju òkúta lù ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà, nígbà tí ọkọ̀ panápaná bá pẹ́ dé, tàbí tí omi rẹ̀ bá tán. Ọkọ̀ tí ó gbé lítà 5,000, bí ó bá ń tu 500 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ó ní. Lẹ́yìn náà, àfi kí ó wá omi lọ. Ẹni tí ó ti òkèèrè wá kò mọ odò tí kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kò mọ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá lè gbà. Ọmọ Ìlá mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ọmọ ìlú náà wà lára àwọn tí ń gba ìwé ẹ̀rí yìí.

Olùkọ́ sì lè bẹ̀rẹ̀ láìwọ aṣọ panápaná. Nọ́ńbà 112 ni a ń pè nígbà ìjàǹbá. Ọmọ ilé-ìwé lè kọ́ bí a ti ń sọ orúkọ àdúgbò àti ilé tí ó wà nítòsí. Bí olùkọ́ bá tan àbẹ́là kan lórí tábìlì, tí ó fi ife dígí bò ó, kíláàsì yóò máa wò ó bí iná ṣe ń rẹlẹ̀ títí yóò fi kú. Lẹ́yìn náà kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí ìyá wọn yóò ṣe bí epo inú apẹ díńdín bá gbiná: omi ni, tàbí ìdérí?